Ilẹ̀kùn tó ń kì àlejò: ṣé títà ni kí n tà á, àbí kí n máa yá wọn lò?

Onísọnà Ìkẹ́rẹ́

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ti ń gbẹ́gi, iṣẹ́ tí mo sì fẹ́ bá yín sọ ni ilẹ̀kùn ìrókò kan tí mo gbẹ́ ère mẹ́jọ sí lára. Mo fi sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ̀ bí ọwọ́ bá súnmọ́ ọn, sí ẹ̀yìn ère kọ̀ọ̀kan. Bí àlejò bá fọwọ́ kan ẹṣin jagunjagun, ohùn bàbá àgbà kan ládùúgbò wa yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì. Bí ó bá fi ọwọ́ kejì kan obìnrin tó gbọ́mọ pọ̀n, ohùn méjèèjì yóò wọnú ara wọn, ìlù yóò sì máa yí padà bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣe ń súnmọ́ igi tàbí tó ń jìnnà sí i. Ọgbọ́n tí mo fi mú kí sẹ́ńsọ̀ máa gbọ́ràn láti ẹ̀yìn igi tó nípọn, tí ọyẹ́ àti ọ̀rinrin òjò kò fi dà á rú, ọdún mẹ́ta ló gbà mí.

Lóṣù tó kọjá, mo gbé e lọ síbi ìpàtẹ kékeré kan ní Adó. Oníṣòwò kan tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ sí ilé ìtura ní òun yóò san owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n sì kọ̀wé pé gbogbo ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ ti di tòun. N kò rí irú owó bẹ́ẹ̀ rí, owó ilé ìwé àwọn ọmọ sì wà nílẹ̀, síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Kí ni mo ní gan-an tí mo lè yá èèyàn lò?

Agbẹjọ́rò Adó

Àbúrò mi, má tíì tọwọ́ bọ ìwé kankan. Ère tí o gbẹ́ àti ètò kọ̀ǹpútà tí o kọ láti máa darí àwọn ohùn náà wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright), tìrẹ sì ni láti ọjọ́ tí o ti ṣe wọ́n, bí o kò tilẹ̀ forúkọ wọn sílẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022 dáàbò bò wọ́n títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe wọ́n. Ọgbọ́n sẹ́ńsọ̀ yẹn ló lè gba páténtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun tuntun tí èèyàn hùmọ̀, fún 20 ọdún, bí o bá ń san owó ọdọọdún rẹ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tuntun tí aráyé kò tíì mọ̀ kí o tó fi ìwé ìbéèrè páténtì sílẹ̀ ní Àbújá. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí, torí o ti gbé e lọ síbi ìpàtẹ. Àyè oṣù mẹ́fà tí òfin wa fún ẹni tó ti pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ wà fún ìpàtẹ àgbáyé tí ìjọba mọ̀ sí, ti Adó kò sì sí lára wọn. Ṣé ìta ilẹ̀kùn nìkan ni wọ́n rí, àbí o tú ẹ̀yìn rẹ̀ tí o sì ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́? Bí o kò bá tíì tú u, ọ̀nà lè ṣì wà.

Ní Nàìjíríà, wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun náà tuntun lóòótọ́ kí wọ́n tó fúnni níwèé páténtì, nítorí náà wádìí fúnra rẹ. Àwọn ART+COM ti Jámánì pe Google lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà lórí Terravision, iṣẹ́ wọn tí èèyàn fi ń rìn káàkiri lórí àwòrán ayé. Wọ́n pàdánù, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2017, torí pé ẹlòmíràn ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú.

Ọmọ Ìjerò

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti dé bá èmi náà rí. Ẹ̀rọ ìlù tí àwọn ọmọdé ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ni mo ṣe, ilé iṣẹ́ kan sì gbà láti máa ṣe é tà, kí wọ́n sì máa fún mi ní ìpín nínú èrè. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ń sọ pé èrè kò tíì wọlé, nígbà tí mò ń fojú ara mi rí ẹ̀rọ náà ní ṣọ́ọ̀bù. Iye tí wọ́n bá ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí o gbé ìpín rẹ lé, má gbé e lé èrè. Kí ẹ kọ iye tí owó rẹ kò gbọdọ̀ wálẹ̀ jù lọ́dún, kí o sì láṣẹ láti yẹ ìwé ìṣirò wọn wò.

Àwa ará Èkìtì mọ ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tó wá gbin kòkó lórí ilẹ̀ ìdílé kò di onílẹ̀. Ó ń san tirẹ̀ lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe é: fún oníṣòwò yẹn ní àṣẹ fún ilé ìtura nìkan, ní Nàìjíríà nìkan, fún ọdún mẹ́ta, kí o sì di ẹ̀tọ́ ti ilé ẹ̀kọ́ àti ti òkè òkun mú fún ara rẹ. Gba owó àtúnṣe lọ́tọ̀, torí ìrókò yóò máa sán lọ́yẹ́, ìwọ nìkan lo sì mọ ibi tí wáyà gbà.

Ìyá Ẹ̀fọ̀n

Ọmọ mi, ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ bàbá tó ń ki oríkì. Òfin fún un ní ẹ̀tọ́ lórí ohùn rẹ̀ tí o gbà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òfin kan náà ní kí a gba àṣẹ Nigerian Copyright Commission, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àdàkọ, kí a tó fi ohun àjogúnbá bí oríkì ṣòwò níbi tí kì í ṣe ìlò ìbílẹ̀ rẹ̀. Bí o bá ta ohun tí kì í ṣe tìrẹ nìkan, ìwọ ni wọn yóò dì mú.

Ó sì ń dùn mí bí mo bá rántí pé Ìkẹ́rẹ́ yín náà ni ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ti kúrò ní ààfin Ògògà lọ sí ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924. Àga ọba kan ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀, British Museum ló sì wà títí di òní.

Onísọnà Ìkẹ́rẹ́

Ẹ ṣeun gidigidi. N kò tú ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà fún ẹnikẹ́ni ní Adó. Pákó tí mo kàn bò ó ṣì wà níbẹ̀. Mo ti bẹ oníṣòwò náà pé kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́la, màá gbé obì lọ sọ́dọ̀ bàbá, torí ìpín tirẹ̀ ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ fẹnu kò lé lórí, kí n tó sọ iye kankan fún ẹlòmíràn.