Tí mo bá dá wà, ọtí kì í wù mí. Kí ni kí n ṣe sí ti àwọn ọ̀rẹ́ mi?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ ọdún 24 ni mí, iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn.

Mo lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ ìyá mi l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ọtí ò wá sí mi lọ́kàn rárá. Àmọ́ bí mo ṣe padà dé, tí mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọ̀rẹ́ mi níwájú ìsọ̀ ẹlẹ́paraga, itọ́ ti kún ẹnu mi. Ẹnì kan á ra fún gbogbo wa, ẹlòmíì á ní ó kan òun. Kó tó kàn mí, mo ti mu mẹ́rin. Ẹni tó bá ní kí wọ́n gbé mọ́ọ̀tì fún òun, "Pásítọ̀" ni wọn ó máa pè é títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí mo bá sì jókòó ti ẹni tó ń yára mu, èmi náà á máa yára, n ò tiẹ̀ ní mọ̀. Ti inú ọ̀rá ló wá burú jù. NAFDAC gbógun tì í ní 2024, ṣùgbọ́n ládùúgbò wa, àfi bíi pé wọ́n ní kí wọ́n tà á sí i.

Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú o. Àwọn ló dáwó nígbà tí bàbá mi ń ṣàìsàn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ já wọn sílẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bọ́ nínú irú èyí, kí lẹ sọ fún tiyín? Ṣé kí n kọ́kọ́ fa ẹnì kan sẹ́yìn, kí n ṣàlàyé fún un, àbí kó jẹ́ pé níbi bọ́ọ̀lù nìkan ni kí n ti máa bá wọn pàdé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ gbààwẹ̀. Ìyá mi ti ń gbà á fún mi.