Gẹ́tò: ṣé àdúgbò òtòṣì ni, àbí àdúgbò àsémọ́?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìtumọ̀. Mo ka àbá yín pé ká pe gẹ́tò ní "àdúgbò àwọn òtòṣì" nínú àròkọ tí ẹ ń túmọ̀ lórí Bronzeville, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù ìlú Chicago, l'Amẹ́ríkà. Mi ò fara mọ́ ọn. Ìṣẹ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ yẹn sọ, kò sọ ẹni tó tilẹ̀kùn.

Ní Venice, lọ́dún 1516, ìjọba kó àwọn Júù sí àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní gẹ́tò, wọ́n sì ń ti géètì mọ́ wọn lálẹ́. Àwọn olówó wà nínú wọn. Ní Chicago, ìwé ló ṣe iṣẹ́ géètì. Àwọn aláwọ̀ funfun tó nílé fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn ò ní ta ilé fún aláwọ̀ dúdú, àwọn ò sì ní gbà á sílé. Ilé ẹjọ́ gbè wọ́n lẹ́yìn títí di 1948, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fi ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Láàárín àkókò kan náà, èrò aláwọ̀ dúdú ń wọ́ bọ̀ láti àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà, àyè ò sì fẹ̀ sí i. Làwọn onílé bá ń gé ilé ńlá sí yàrá kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbowó gọbọi, ọ̀pọ̀ ìdílé ń pín balùwẹ̀ kan lò. Dókítà, agbẹjọ́rò àti òṣìṣẹ́ ilé ìpẹran jọ há síbẹ̀ ni. Gúúsù ìlú yẹn náà ni ilé ìwòsàn Provident wà, tí Daniel Hale Williams, dókítà aláwọ̀ dúdú, dá sílẹ̀ ní 1891. Ta ni ká wá pè lótòṣì níbẹ̀?

Ẹlòmíì dábàá "àhámọ́". Ó sún mọ́ ọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni. Òǹkàwé á rò pé àwọn ará ibẹ̀ ló dáràn. "Àdúgbò àsémọ́" ni tèmi. Omi tí wọ́n sé kọ́ ló kọ̀ tí ò ṣàn.

Ẹ má sì fi "gẹ́tò" lásán sílẹ̀. L'Ékòó, irú Ajégúnlẹ̀ la fi ń pè. Bẹ́ẹ̀, kò sófin tó ní ará Ajégúnlẹ̀ ò gbọdọ̀ ràlé n'Íkẹjà. Owó ni ò jẹ́.

Bronzeville fúnra ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má túmọ̀ ẹ̀. Láàárín àwọn ará ibẹ̀ lorúkọ náà ti jáde láyé 1930, nígbà tí ará ìta ń pè é ní Black Belt, ìyẹn agbègbè àwọn aláwọ̀ dúdú.

Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú ju "àdúgbò àsémọ́" lọ, kó mú un wá kí ẹ̀gbọ́n tó fiṣẹ́ ránṣẹ́.