Owó sólà fún ilé ìlọ-ẹ̀gẹ́: bánkì kò gbà wá gbọ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò gba ìgbìmọ̀ gbọ́

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Òmù-Àrán):

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tí ń ṣe gààrí ní agbègbè Òmù-Àrán. Ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ń mu dísù, jáàkì ni a fi ń fún omi ara ẹ̀gẹ́ náà jáde, igi ìdáná ni a sì fi ń yan án. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí náírà náà sì já wálẹ̀ ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, owó dísù àti owó ọkọ̀ tí ń kó ẹ̀gẹ́ wá láti oko ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo èrè wa lọ. Bí òjò bá tún pẹ́ kí ó tó rọ̀, ilẹ̀ a le koko, ẹ̀gẹ́ a ṣòro láti hú, iye tí à ń rà á a sì gbówó lórí.

Ìgbìmọ̀ wa fẹ́ kí a gbé ẹ̀rọ ìlọ̀ náà sórí sólà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti há. Bánkì tí a lọ bá béèrè ìwé ìṣirò owó ọdún méjì àti ìwé ilẹ̀ tí a ó fi dógò, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ẹbí ni ilé iṣẹ́ wa wà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò sì fẹ́ dá owó, nítorí pé ẹnì kan ti gba owó sólà lọ́wọ́ wọn rí. Bátìrì tí ó kó wá kò lò ju ọdún kan lọ, ìpè kò sì wọlé sórí fóònù rẹ̀ mọ́. Àwọn kan nínú wọn sọ pé ẹ̀sìn àwọn kò gba èlé rárá. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé nígbà tí mo bá ń ṣàlàyé àyípadà ojú ọjọ́ ní ìpàdé, ṣe ni wọ́n ń wò mí bí ẹni tí ó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ wọn. Ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Oníṣirò Tankẹ:

Ìyá wa Akọ̀wé, ẹ kú làálàá. Iṣẹ́ mi ni láti máa yẹ ìwé àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wò, mo sì lè sọ fún yín pé ohun tí ń ba bánkì lẹ́rù gan-an ni ó ń ba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín lẹ́rù: wọn kò rí bí owó ṣe ń wọlé àti bí ó ṣe ń jáde. Ẹ kan pátákó dúdú mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ. Ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹni tí ń bójú tó ẹ̀rọ fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye bẹ́sìnnì ẹ̀gẹ́ tí a lọ, iye lítà dísù tí ẹ̀rọ mu, iye owó tí a gbà àti iye tí ó kù lọ́wọ́ akápò. Kí a tó nù ún ní òwúrọ̀, kí ẹ ti dà á kọ sínú ìwé, kí ẹ sì ti ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Ẹni tí kò mọ̀wé yóò rí ọmọ tí yóò kà á fún un. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ ó ní ohun tí ẹ lè gbé síwájú bánkì, àwọn ìyá náà yóò sì ti fi ojú ara wọn rí ohun tí dísù ń jẹ nínú owó wọn.

Ní ti dógò, ẹ béèrè nípa òfin ọdún 2017 tí ó fàyè gbà á kí oníṣòwò kékeré fi ohun tí a lè gbé kiri, irú bí ẹ̀rọ àti ọjà, dúró fún ẹ̀yáwó. Ẹ fi ẹnu ara yín béèrè, ẹ má dúró de ẹni tí yóò mẹ́nu kàn án fún yín. Síbẹ̀, n kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti kánjú yáwó. Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, 27 péré ni ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé. Iye tí bánkì yóò gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kékeré máa ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ojú ọjọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá náà ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ máa ń dé nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, àti ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ igi nígbà náà.

Mọ̀nàmọ́ná Gánmọ:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gba iye owó kankan lẹ́nu ẹni tí kò tíì dé ilé iṣẹ́ yín wọn ẹ̀rọ wò. Mọ́tọ̀ iná tí yóò rọ́pò ẹ́ńjìnnì dísù, bí ó bá jẹ́ 5 hp (agbára ẹṣin márùn-ún), ń lo nǹkan bí 3.7 kW (kílówáàtì) nígbà tí ó bá ń yí, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá tí ó ń gbéra, ó lè fa ìlọ́po márùn-ún sí méje agbára náà, ibẹ̀ sì ni ìnfátà kékeré (ẹ̀rọ tí ń yí iná sólà padà sí irú èyí tí mọ́tọ̀ ń lò) ti ń jóná. A máa ń fi ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ kí mọ́tọ̀ gbéra díẹ̀díẹ̀ sí i; bí kò bá sí i nínú ìwé tí oníṣẹ́ kọ fún yín, ẹ bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sọ ni pé ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń lọ lóru. Bí ẹ bá lè lọ̀ ọ́ láàárín agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ sí agogo mẹ́ta ọ̀sán, oòrùn fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, bátìrì tí ẹ ó rà yóò sì kéré. Bátìrì ni ó sì máa ń kọ́kọ́ kú: oníásíìdì kì í sábà kọjá ọdún méjì sí mẹ́rin, lithium sì lè tó ọdún mẹ́wàá bí a bá tọ́jú rẹ̀. Ẹ má ta ẹ́ńjìnnì dísù yín o, nítorí oòrùn a máa dín gan-an ní àárín oṣù kẹjọ.

Ẹ san owó ní ẹlẹ́sẹẹsẹ, kí ó ku èyí tí ó tó nǹkan lọ́wọ́ yín títí ẹ̀rọ yóò fi lọ ẹ̀gẹ́ tútù níṣojú gbogbo ẹgbẹ́ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Pé gílóòbù tàn kì í ṣe ìdánwò.

Ọmọ Adéwọlé:

Àsàlámù àlékùm, ẹ̀yin ará. Ẹ má ṣe ka àwọn tí kò fẹ́ èlé sí ìdènà. Láti ọdún 2012 ni bánkì tí kì í gba èlé ti wà ní Nàìjíríà. Nínú ètò tí wọ́n ń pè ní mùrábahà, bánkì ni yóò ra ohun èlò náà, yóò sì tà á fún yín ní iye tí ẹ ti jọ fẹnu kò sí, èrè tirẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ ó sì máa san án díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé iye náà tún ń ga sí i. Owó kò ní kọjá lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ rárá, mo sì rò pé èyí yóò fi ọkàn àwọn ìyá yẹn balẹ̀ ju ìwàásù èyíkéyìí lọ. Kì í ṣe pé ó máa ń rọrùn lówó ju ti àwọn bánkì yòókù lọ, nítorí náà ẹ ṣe ìṣirò méjèèjì. Ẹ sì rí i pé ìdánwò tí Mọ̀nàmọ́ná sọ wọ inú ìwé àdéhùn, torí pé ó ṣeé ṣe kí bánkì san gbogbo owó fún oníṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àgbẹ̀ Ìgbàjà:

Ẹ má bínú, èmi kò gbà pé sólà ni ó yẹ kí ó ṣíwájú. Igi ni ẹ ń fi yan gààrí, èéfín rẹ̀ ni àwọn obìnrin náà ń fà símú lójoojúmọ́, ọ̀nà igi náà sì ń jìn sí i. Ààrò tí a fi amọ̀ àti búlọ́ọ̀kù mọ yí agbada ká, tí ó ní ihò tí èéfín ń gbà jáde, kò nílò bánkì. Owó tí ẹgbẹ́ lè dá láàárín ara wọn ni. Bí wọ́n bá rí èyí kí ó yọrí, yóò rọrùn láti bá wọn sọ̀rọ̀ èyí tí ó tóbi.

Ẹ má sì fi ọkàn sí owó ojú ọjọ́ ti òkè òkun jù. Ní ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Copenhagen ní ọdún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè olówó ṣe ìlérí pé nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2020, àwọn yóò ti máa mú 100 bílíọ̀nù dọ́là wá lọ́dọọdún láti ran àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́ lórí àyípadà ojú ọjọ́. Ọdún 2022 ni ó tó pé, ẹ̀yáwó ni èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní Baku ní ọdún 2024, wọ́n tún sọ pé yóò di 300 bílíọ̀nù lọ́dọọdún ní ọdún 2035. Ìjọba tiwa náà ta ìwé ẹ̀yáwó aláwọ̀ ewé (èyí tí a ń fi owó rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí kì í ba àyíká jẹ́) tí ó jẹ́ 10.69 bílíọ̀nù náírà ní ìparí ọdún 2017, ó sì ṣe òfin ojú ọjọ́ ní ọdún 2021. Gbogbo rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wá sọ fún àwọn ìyá yìí pé kí wọ́n san owó fọ́ọ̀mù kí òun lè bá wọn gba owó ojú ọjọ́, ẹ lé e lọ.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Òmù-Àrán):

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mo ti bá Ìyá Ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní kí pátákó náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ó tún fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ààrò, ṣùgbọ́n páànù orí àtíbàbà tí a ti ń yan gààrí kò ga púpọ̀. Ṣé ihò èéfín náà kò ní gbóná mọ́ páànù?

Àgbẹ̀ Ìgbàjà:

Ẹ mú un gba ara ògiri jáde sí ìta, kí ó tó gun òkè kọjá páànù. Kí ẹnu rẹ̀ má kọjú sí ibi tí ẹ ń sá gààrí sí.