Lórí orúkọ scrapple: ọkà ni, kì í ṣe mọ́ínmọ́ín

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Àbá mẹ́rin ló ti wọlé láti ìgbà tí ẹnì kan ti béèrè ohun tí a lè máa pe scrapple, oúnjẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ìyẹ̀fun ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní Yorùbá: mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀kọ ẹran, àṣẹ́kù ẹran, àti ti ẹni tó ní ká kọ ọ́ ní sìkírápù ká sì máa lọ. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn, inú ìkòkò ni ìdí rẹ̀ sì wà. Orúkọ oúnjẹ lọ́dọ̀ wa máa ń sọ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó gbọ́ iyán mọ̀ pé ó ti wọ odó. Ẹni tó gbọ́ mọ́ínmọ́ín mọ̀ pé wọ́n bù ú sí ewé tàbí agolo, wọ́n sì fi ooru omi sè é. Ẹni tó bá tẹ̀lé orúkọ mọ́ínmọ́ín dé ìdí ààrò yóò ba scrapple jẹ́.

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí: oúnjẹ àwọn Pennsylvania Dutch ni, àwọn tí bàbá ńlá wọn ti ilẹ̀ Jámánì wá tẹ̀dó sí ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á se orí, ẹsẹ̀, ọkàn àti ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ títí ẹran á fi bọ́ lára egungun, wọ́n á ro ìyẹ̀fun àgbàdo àti ti buckwheat, irúgbìn oníhóró kan, sínú omi rẹ̀, wọ́n á dà á sí páànù kó dì. Ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó gé e dín. Ẹni tó bá ń gbé Philadelphia, Delaware tàbí Maryland á máa bá a pàdé nílé oúnjẹ àárọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí wọ́n ṣe ń sè é, torí ibẹ̀ ni orúkọ ti máa jáde. Fún páànù búrẹ́dì méjì, ẹ wá ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ 2, ẹran èjìká kílò 1 àti ẹ̀dọ̀ gíráàmù 250. Ẹni tó bá rí ìlàjì orí ẹlẹ́dẹ̀, kó lò ó dípò èjìká. Òun ló bá àṣà wọn mu jù. Ẹ bomi bò ó kó fi ìka méjì ga jù ú lọ, kó máa hó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún wákàtí 3. Ẹ̀dọ̀ ò gbọdọ̀ bá wọn wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 20 tó kẹ́yìn ló tó fún un. Bó bá pẹ́ lórí iná, á máa rún bí iyanrìn lẹ́nu, omi ẹran á sì korò. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ má yọ sílẹ̀ láé, torí awọ àti iṣan rẹ̀ ló ń mú kí omi ẹran lẹ̀ mọ́ ìka, kó sì dì bó bá tutù. Ẹ sẹ́ omi náà, ẹ ré ọ̀rá ojú rẹ̀ kó ku díẹ̀, kí ẹ wọn lítà 1.5 sọ́tọ̀. Ẹ ṣa gbogbo egungun kúrò, títí dé èyí tó kéré bí èékánná ọmọdé, kí ẹ wá gé ẹran náà wẹ́wẹ́.

Ìyẹ̀fun àgbàdo gíráàmù 300, ti buckwheat 100. Àtẹ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ síbí pe buckwheat ní àlìkámà, ìyẹn wheat, àṣìṣe sì ni. Lóòótọ́ wheat wà nínú orúkọ rẹ̀, àmọ́ wọn kì í ṣe ìbátan. Hóró rẹ̀ ní igun mẹ́ta, ìyẹ̀fun rẹ̀ dúdú díẹ̀, òun ló sì ń fún scrapple ní àwọ̀ eérú àti adùn tó wúwo yẹn. Ẹ bu omi ẹran tó ti tutù fi po ìyẹ̀fun méjèèjì, bí a ṣe ń fi omi tútù po ògì kí omi gbígbóná tó kàn án. Ìyẹ̀fun gbígbẹ tó bá bọ́ sínú omi híhó á di kókó, inú kókó náà ò sì ní jinná láéláé. Omi ẹran tó kù ti gbọ́dọ̀ máa hó nígbà yẹn. Ẹ da ìyẹ̀fun pípò náà sí i, ẹ mú orógùn, kí iná wálẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 sí 40 ni ọwọ́ máa wà lórí rẹ̀. Bó bá ti tó ìṣẹ́jú 15, ẹ da ẹran padà síbẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ gíráàmù 30, ewé olóòórùn sage gbígbẹ ṣíbí tíì 2, thyme ṣíbí tíì 1 àti black pepper lílọ̀ ṣíbí tíì 2, ìyẹn mọ̀lẹ́bí iyèré wa. Ó tó sísọ̀ nígbà tó bá ń ṣí kúrò lára ìkòkò, tí orógùn tí ẹ fi gún àárín rẹ̀ sì dá dúró díẹ̀ kó tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Kí là ń pe iṣẹ́ tí ọwọ́ ṣe yẹn? A ò pọ́n ọn, a ò gún un, a ò tẹ̀ ẹ́. A rò ó. Ohun tí Yorùbá bá sì fi orógùn rò láti inú ìyẹ̀fun títí tó fi le, ọkà ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní àmàlà ló wá sọ́kàn wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ọkà, tí mi ò mú àmàlà, torí èlùbọ́ ti so mọ́ àmàlà típẹ́típẹ́. Ọkà ní ìtumọ̀ méjì, méjèèjì ló sì bá ọ̀rọ̀ wa mu: ó jẹ́ oúnjẹ rírò, ó tún jẹ́ irúgbìn oníhóró, bí a ṣe ń sọ ọkà bàbà. Àgbàdo àti buckwheat wà lábẹ́ ìkejì.

Ẹ̀gbọ́n tó mú ẹ̀kọ ẹran wá sún mọ́ òtítọ́ ju àwa yòókù lọ, torí ẹ̀kọ náà máa ń dì. Ṣùgbọ́n ògì tí a rẹ, tí a lọ̀, tí a sẹ́ èérí rẹ̀ dànù ni ìyá ẹ̀kọ. Wọn kì í sẹ́ nǹkan kan kúrò nínú ìyẹ̀fun scrapple. Hóró rẹ̀ wíríwírí ló di ẹran mú.

Àbá mi ni ọkà ẹlẹ́ran. Wọ́n lè ní ẹlẹ́ran ni ẹni tó ń ta ẹran. A ń sọ mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó ń wá ẹni tó ní ẹ̀mí méje kiri. Ọkà ló yẹ kó ṣíwájú, kí ẹran tẹ̀lé e: ohun tí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà béèrè ni pé kí ẹran àti nǹkan inú ẹran má dín ní ìdá 40 nínú 100, bí a bá wọ̀n wọ́n ní tútù láìka egungun. Ìyẹ̀fun àti omi lè kó gbogbo ìyókù. Orúkọ náà tún lè bímọ fún àwọn oúnjẹ Amẹ́ríkà mìíràn tó jọ scrapple. Livermush ti North Carolina, tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 30, á di ọkà ẹlẹ́dọ̀; goetta ti Cincinnati, tí wọ́n ń fi òótì ṣe, á di ọkà òótì ẹlẹ́ran. Bí ẹnì kan bá sì fi ẹran tòlótòló ṣe é torí pé kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, orúkọ náà gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ láìfi àmì sí i: ọká ejò wà nítòsí.

Àṣẹ́kù ẹran ló dùn mí jù. Ẹni tó mú un wá ń túmọ̀ scrap, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àṣẹ́kù létí wa ni ohun tí àwọn kan ti jẹ kù. Orí, ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ kì í ṣe ìjẹkù lọ́dọ̀ wa. Orísirísi là ń pè wọ́n níwájú olóúnjẹ, owó gidi la sì fi ń rà wọ́n. Àwọn tó ni oúnjẹ náà ò pè é ní àjẹkù nínú èdè tiwọn. Pannhaas ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe irú rẹ̀ ní Westphalia, ní ilẹ̀ Jámánì: pann ni páànù, haas sì dún bí ehoro. Kò sí ehoro kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ orúkọ náà mú páànù dání, torí orí páànù ló ń parí sí.

Dídín ló sì ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sun inú fíríìjì mọ́jú. Ẹ gé e kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1, ẹ nu omi ojú rẹ̀, ẹ fi ìyẹ̀fun fẹ́ẹ́rẹ́ pa á lára, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí páànù irin tó ti gbóná pẹ̀lú ọ̀rá díẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 6 sí 8. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ yí i. Bó bá ń yọ́ kó tó pọ́n, omi ẹran ló pọ̀ jù tàbí wọn ò rò ó pẹ́ tó. Bí ojú rẹ̀ bá ṣẹ́ kù sára páànù, wọ́n tètè yí i. Bó bá ti ń rún látìgbà tí ọ̀bẹ ti kàn án, ọ̀rá ló pọ̀ jù, tàbí wọ́n ti fi odindi rẹ̀ gan nínú yìnyín: omi inú rẹ̀ á yà kúrò. Kí wọ́n gé e kí wọ́n tó gbé e síbẹ̀, kí bébà wà láàárín wọn.

Ohun kan ṣoṣo ni mi ò tíì rí orúkọ fún: ẹ̀yìn rẹ̀ tó pọ́n, tó ń rún wómúwómú, nígbà tí inú rẹ̀ ṣì rọ̀ bí ọkà. Ẹnì kan dábàá èèpo. Èèpo là ń bó dànù. Èyí gan-an sì ni ẹni tó ń jẹ ẹ́ ń wá. Ẹni tó bá mọ ohun tí àwọn alákàrà àdúgbò rẹ̀ ń pe etí àkàrà tó gbẹ yẹn, kó fi ránṣẹ́ sí wa, kó sì fi àmì orí rẹ̀ sí i.