Ọmọ Ìránì ni Màmá yìí, kí ló dé tí wọ́n ń pe ara wọn ní ará Páṣíà?

Ìyá_Ìbejì_LA:
Ẹ kú ilé o. Àgbàlagbà ni mò ń tọ́jú ní Los Angeles níbí, lágbègbè Westwood tí àwọn ọmọ Ìránì kún débi tí wọ́n ń pe ibẹ̀ ní Tehrangeles. Màmá kan wà tí mò ń lọ bá lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹni ọdún 81, ọmọ ìlú Tabriz ní Ìránì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun a jókòó síta, obìnrin kan tó ń fa ajá kọjá bi wọ́n pé ọmọ ibo ni wọ́n. Màmá ní, "Ará Páṣíà ni mí." Wọ́n tiẹ̀ fa ọ̀rọ̀ náà gùn bí ẹni ń kọrin. Obìnrin yẹn ní òun ti sin ológbò Páṣíà rí, ó bá tiẹ̀ lọ.

A ò tíì wọlé tán tí àbúrò wọn fi pè láti Tabriz. Etí mi ti mọ bí èdè Páṣíà ṣe ń dún, èyí tí wọ́n ń sọ lórí fóònù yìí kì í ṣe é. Mo bi wọ́n, wọ́n ní Tọ́kì ni. Háà! Ọmọ ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì ńkọ́? Bí wọ́n bá bi òun, Ìránì ló máa ń sọ, àwọn méjèèjì a sì máa torí ẹ̀ fa ọ̀rọ̀. Èmi rò pé inú Bíbélì ni Páṣíà parí sí, lọ́dọ̀ Ẹ́sítérì. Ta ló lè là mí lọ́yẹ̀?

Bàbá_Houston:
Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi. Lọ́dún 1979, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Houston, èmi àti ọmọ Ìránì kan la jọ ń gbé yàrá. Ó máa ń fi Ìránì yangàn títí ojú á fi tì mí. Ó di ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya wọ ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Tehran, wọ́n mú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Èèyàn 52 nínú wọn lo ọjọ́ 444 lákàámọ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí Ààrẹ Carter fi ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ìránì lọ fara hàn ní ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n. Èmi ni mo sin ọ̀rẹ́ mi lọ, ìdájí la ti tò sórí ìlà.

Lẹ́yìn ìyẹn la lọ gẹ irun. Onígbàjámọ̀ bi í pé ọmọ ibo ni. Ó wò mí nínú dígí, ó ní, "Páṣíà." Ọkùnrin náà ní ibẹ̀ á dáa o, ó ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Abẹ wà lọ́rùn èèyàn, ta ni yóò sọ Ìránì? A ò bára wa sọ nǹkan kan títí a fi délé. N kò gbọ́ Ìránì lẹ́nu ẹ̀ níta mọ́ látọjọ́ náà.

Tíṣà_Ìjẹ̀bú:
Ẹ ṣeun, Bàbá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan. Fars ni ẹkùn tí Shiraz wà. Pars ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀; Lárúbáwá ò ní "p" tiwọn ló fi di Fars. Ibẹ̀ ni ìdílé Kírúsì ti jáde, làwọn Gíríìkì bá fi orúkọ ẹkùn kan pe gbogbo ilẹ̀. Àwọn onílẹ̀ ti ń pè é ní Ìránì tipẹ́, 1935 ni Reza Shah, ọba wọn nígbà náà, wá ní kí àwọn àlejò náà máa pè é bẹ́ẹ̀. (Àwa náà ńkọ́? Ẹnu Haúsá la ti kọ́kọ́ gbọ́ "Yorùbá", Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì fi ń pè.)

Ibi tó ta kókó ni pé ẹ̀yà Azeri ni Màmá yẹn. Èdè Azeri àti Tọ́kì, ọmọ ìyá ni wọ́n. Kurd wà ní Ìránì, Baloch wà, Lárúbáwá wà ní Khuzestan. Ọmọ Ìránì ni gbogbo wọn, wọn kì í ṣe ará Páṣíà. Ẹ pe Kurd ní ará Páṣíà kẹ́ ẹ wá wo ojú ẹ̀! Ọmọ ọmọ yẹn ló jàre.

Ọmọ_Peckham:
Àwọn tí mo mọ̀ ní London, Ìránì ni wọ́n ń sọ o. Àbí ti Amẹ́ríkà lẹ ń wí?

Ìyá_Ìbejì_LA:
Bàbá, mo ka ti onígbàjámọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo padà bi Màmá lónìí, níbi tí wọ́n ti ń dojú ìkòkò ìrẹsì dé sórí àwo, kí èyí tó gan mọ́ ìdí ìkòkò lè bọ́ sókè. Tahdig ni wọ́n ń pè é, òun gan-an ni wọ́n fi ń ṣe àlejò lóore. Wọn ò dáhùn kíá. Wọ́n nawọ́ sí àsíá kékeré kan lára fíríìjì, èyí tó ní kìnnìún àti oòrùn, tí ìjọba tó dé ní 1979 pa tì. Wọ́n ní, "Ìránì tèmi nìyẹn. Bí mo bá sọ Ìránì fún oníajá, ṣé èyí ló máa rí?" Ọmọ ọmọ wọn mí kanlẹ̀ láti pálọ̀.

Wọ́n wá bi mí pé kí ni Yorùbá ń pe ìlú àwọn. Mo ní nínú Bíbélì tiwa, Páṣíà ni. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pariwo sí ọmọ náà lédè wọn, wọ́n sì já tahdig tó tóbi jù fún mi.