Ojú ayé àti inú obìnrin aláṣọ inú ìtàn mi: mo ń wá ìmọ̀ràn

Akọ̀tàn, Kétu:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ìtàn kan ni mò ń kọ nípa obìnrin aláṣọ kan ní ọjà Kétu níbí, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Olóore, nítorí pé kò sí ìkómọ tí kì í ti í náwó fún onílù. Owó èsúsú tí ará ọjà kó sí i lọ́wọ́ ló ń ná bẹ́ẹ̀, ebi sì ń pa àwọn ọmọ rẹ̀ sùn nígbà mìíràn. Àbúrò mi kà á, ó ní òun rò pé obìnrin méjì ni. Mo wá fi ìpínrọ̀ kan ṣàlàyé pé ojú ayé ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ náà kò tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn.

Bàbá kan, Kétu:
Ọmọ mi, wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó tí a ń gbé ère igi lé orí jó, dáadáa. Àwọn bàbá wa ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́ kí UNESCO tó kọ ọ́ mọ́ ogún aráyé ní 2008. Igi tí a gbẹ́ ní ojú obìnrin, orí ni ọkùnrin tó ń jó gbé e lé, ojú igi náà kò sì rí nǹkan kan. Inú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ojú oníjó ló ti ń ríran, òógùn a sì ti rin aṣọ náà kí ìlù tó dákẹ́. Má ṣàlàyé mọ́. Mú òǹkàwé wọ abẹ́ aṣọ, kí ó máa wo ọjà láti ibẹ̀.

Ìyá kan, Àjàṣẹ́:
Òótọ́ ni Bàbá sọ, àmọ́ gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ọkùnrin ló wà lábẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ inú obìnrin yìí. Àbúrò mi, wá ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n, bí àkọ́bí rẹ̀. Má sì sọ oore rẹ̀ di irọ́ pátápátá, nítorí ẹlẹ́tàn lásán kì í pẹ́ sú òǹkàwé. Jẹ́ kó fẹ́ràn àtifúnni ní tòótọ́. Bí alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, òru orin tó ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, bá sì ń bọ̀, tí ó mọ̀ pé orin lè tú àṣírí ẹnikẹ́ni, o kò ní wá ìpayà tì.

Akọ̀tàn, Kétu:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti pa ìpínrọ̀ yẹn rẹ́. Àkọ́bí rẹ̀ ló dúró níbi ìkómọ báyìí, tó ń ka owó bí ìyá rẹ̀ ṣe ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú onílù lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ó mọ iye tó kù nínú kóló. Àbúrò mi tún un kà lálẹ́ àná, ó sì bi mí pé ta ni èsúsú kàn lọ́jọ́ kejì.