Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí àbúrò mi máa bá olùdámọ̀ràn ẹ̀ rìn níta?

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Látìgbà tíṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àbúrò mi ọkùnrin ni ìdààmú ọkàn ti dé, kì í sùn, kì í jẹun dáadáa. A mú un lọ bá ìyá kan tó jẹ́ olùdámọ̀ràn fẹ́ni tó ní ìdààmú ọkàn n'Ìbàdàn níbí àmọ́ tó bá ti jókòó síwájú ìyá yẹn, ṣe láá máa fi èékánná ha apá àga, "kò séwu mà" nìkan láá máa sọ. Ni ìyá bá ní káwọn jọ máa rìn ní ọgbà ìgbafẹ́ Agodi Gardens káwọn máa sọ̀rọ̀ lọ, pé téèyàn méjì bá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí ojú ò kojú, ọ̀rọ̀ máa ń tètè jáde. Mo wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé ní 2015 àwọn onímọ̀ Yunifásítì Stanford l'Amẹ́ríkà ní káwọn kan fi ìṣẹ́jú 90 rìn láàárín igi àti koríko, àròkàn wọn dínkù, tàwọn tó rìn létí títì ọlọ́kọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ìrìn lásán nìyẹn o, kò sí olùdámọ̀ràn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó fún mi nírètí gan-an.

Àṣírí ló ń kọ mí lóminú. Ìbàdàn yìí náà, tẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bá pàdé ẹ̀ tómi ń bọ́ lójú ẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, kí lẹ bá olùdámọ̀ràn yín ṣàdéhùn pé ẹ máa sọ tẹ́nì kan bá dá yín dúró? Oògùn tó ń lò náà máa ń mú kóòyì kọ́ ọ tóòrùn bá mú, ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún dókítà ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn.